Àwọn Júù Nínú Májẹ̀mú Titun: Báwo Ni Ó Ti Yẹ Kí A Kà Á?

Ní ọdọọdún, bí ọ̀sẹ̀ Ìjìyà Olúwa bá ti dé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í ṣàìgbọ́ láti orí àga ìwàásù, ìbáà ṣe ní ìlú ńlá, ìbáà ṣe ní abúlé: pé àwọn Júù ni ó pa Olúwa wa. Àwọn mìíràn a máa fi kún un pé nítorí èyí ni Ọlọ́run ṣe kọ̀ wọ́n sílẹ̀, tí ó sì fi àwa rọ́pò wọn. Ọmọdé tí kò tí ì mọ ìwé kà ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Bí ẹnì kan bá sì ṣe àgàbàgebè ní ọjà tàbí nínú ẹgbẹ́, kíákíá ni a ó pè é ní Farisí, bí ẹni pé orúkọ yìí kò ní ìtumọ̀ mìíràn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé.

Àwa kò jókòó láti bá oníwàásù kankan jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu lásán sọ níhìn-ín ti di iná ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ti jó ilé, ó ti jó ìlú, ó ti jó ọmọ ọwọ́. Nítorí náà ó tọ́ kí ẹni tí ó mọ ìwé kà tún ṣí Bíbélì rẹ̀, kí ó wo ohun tí a kọ, ẹni tí ó kọ ọ́, àti ẹni tí a kọ ọ́ sí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí ọkàn wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà. Júù ni a bí Jésù, Júù ni ó gbé ayé, Júù ni ó sì kú. Lúùkù sọ ní orí 2 pé ní ọjọ́ kẹjọ ni a kọ ọ́ ní ilà gẹ́gẹ́ bí àṣà ìdílé Ábúráhámù. Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìwé Àdúrà àtijọ́ ti Ìjọ Áńgílíkà lọ́wọ́, èyí tí a ṣe ní 1662, ẹ ṣí i wò: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ, tí àwa ń jó tí a ń yọ̀ pé ọdún titun dé, ọjọ́ Ìkọlà Krístì ni ìwé náà pè é. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ tí ó fi ọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, kì í ṣe etí aṣọ lásán ni ó fi ọwọ́ bà. Wájawàja ni, èyí tí Ìwé Númérì orí 15 pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti so mọ́ igun aṣọ wọn, kí wọn lè máa rántí àṣẹ Ọlọ́run. Nígbà tí akọ̀wé òfin kan sì bi Jésù pé èwo ni ó tóbi jùlọ nínú àwọn àṣẹ, ohun tí ó fi dá a lóhùn ni ọ̀rọ̀ inú Deuterónómì orí 6, tí Júù olùfọkànsìn ń kà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Akọ̀wé náà gbà fún un, Jésù náà sì yìn ín. Máàkù ni ó ròyìn rẹ̀, ní orí 12. A kò gbọ́ ìwàásù púpọ̀ rí lórí akọ̀wé yìí, bóyá nítorí pé kò bá ohun tí a ti gbọ́ nípa àwọn akọ̀wé mu.

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti díjú jùlọ. Lẹ́tà ni ó kọ. Ó kọ wọ́n ní nǹkan bí ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú Jésù, nígbà tí a kò tí ì kọ ọ̀kan nínú àwọn Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì sí ìwé kankan lórí ilẹ̀ ayé tí a ń pè ní Májẹ̀mú Titun. Ìwé Mímọ́ àwọn Júù ni Ìwé Mímọ́ tirẹ̀.

Àwa tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sọ di ojúlùmọ̀ lẹ́tà mọ ohun kan tí ẹlòmíràn lè gbàgbé. Bí a bá mú ẹ̀dà ìdáhùn kan jáde láti inú fáìlì, tí ìwé tí ó dáhùn sí sì ti sọnù, ènìyàn lè ka gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ láìkọsẹ̀, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ọ̀gá bá kọ̀wé sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kan pé kí wọn má san owó náà, kò sí akọ̀wé tí orí rẹ̀ pé tí yóò fi èyí ṣe ìlànà pé owó kò tọ́ láti san. Yóò kọ́kọ́ béèrè: owó wo ni? Ta ni ó wá gbà á? Kí ni ó sọ pé òun ṣe? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a máa bi Pọ́ọ̀lù.

Ẹ gbé ìwé sí àwọn ará Gálátíà yẹ̀wò. Pọ́ọ̀lù bínú nínú ìwé yìí ju ti ibikíbi lọ. Kò tilẹ̀ dúpẹ́ lórí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe nínú àwọn ìwé yòókù. Kí ni ó dé? Àwọn oníwàásù kan ti dé sí àárín wọn, wọ́n ń sọ fún àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù pé àfi bí wọ́n bá kọlà, wọn kò tí ì di ọmọ Ábúráhámù. Àwọn tí a kọ ìwé náà sí kì í ṣe Júù. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, òun gan-an ni ó sì máa ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ó ní ìdí tí ó fi ń bọ́. Àwọn baba wa ti ń kọ ọmọkùnrin ní ilà abẹ́ kí ìhìnrere tó dé, olóòlà a sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ onígbàgbọ́, fún ọmọ ìmàle àti fún ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kò ní ṣe ìyàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá kan ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ké mọ́ àwọn ará Gálátíà lórí ìkọlà, a kì í mọ ohun tí a ó fi ṣe. Ọmọ wa tí a kọ ní ilà ńkọ́? Kí ó má baà sí wàhálà, a ó sáré kọjá, a ó sì lọ dúró níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa èso ti Ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n èdè wa fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìkọlà, ni a ń lò fún ilà abẹ́ àti fún ilà ojú. Láyé àtijọ́, nígbà tí àbàjà, pélé àti gọ̀m̀bọ́ ṣì ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá kí ẹnu tó sọ ọ́, ilà jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ báyìí ni ọ́, àwọn báyìí ni baba ńlá rẹ. Bí àlejò kan bá wá gbé ní ìlú, tí ó kọ́lé síbẹ̀, tí ó ń jẹ tí ó ń mu pẹ̀lú onílé, ta ni yóò fà á lọ sọ́dọ̀ olóòlà kí ó lè gba ilà ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀? Kò sí àbùkù lára ilà náà, kò sì sí àbùkù lára àlejò. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń jà fún nìyí. Ó ní wòlíì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè yóò wá sin Ọlọ́run Ísírẹ́lì ní ìgbà ìkẹyìn, ó sì gbàgbọ́ pé ìgbà náà ti dé. Bí gbogbo wọn bá gba ilà Júù kí wọn tó wọlé, orílẹ̀-èdè wo ni ó wá kù tí ó wá sin Ọlọ́run? Júù nìkan ni yóò kún ilé náà.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ọ̀ràn Tímótíù àti Títù. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 sọ pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ó mú Tímótíù kọlà. Gálátíà orí 2 sì sọ pé a kò fi ipá mú Títù kọlà, àti pé Pọ́ọ̀lù kò fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ ẹ, kódà fún wákàtí kan. Àwọn ẹlẹ́gàn ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọkùnrin náà kò ní ìdúró kan. Ṣùgbọ́n ìyá Tímótíù, Júù ni. Títù, ará Gíríìkì ni. Ọmọ onílé gba ilà ilé rẹ̀, àlejò kò gbà á. Níbo ni ìtakora wà?

Ìpàdé àwọn àgbà ní Jerúsálẹ́mù, tí a fi sí nǹkan bí ọdún 49, kò yàtọ̀ sí èyí. Ìṣe orí 15 ni kí ẹ kà. A kò di ẹrù ìkọlà ru àwọn tí kì í ṣe Júù; a ní kí wọn yẹra fún ohun tí a fi bọ òrìṣà, fún àgbèrè, fún ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa, àti fún ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣí Léfítíkù orí 17 àti 18, ẹ ó rí i pé irú nǹkan wọ̀nyí gan-an ni Òfin Mósè ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún àjèjì tí ń gbé láàárín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Kò sí ẹni tí ó dìde ní ìpàdé náà láti sọ pé kí àwọn Júù onígbàgbọ́ fi Òfin sílẹ̀. Ní orí 21, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún Júù ti gbà Jésù gbọ́, gbogbo wọn sì ní ìtara fún Òfin, Pọ́ọ̀lù náà sì wọ Tẹ́ḿpìlì lọ pẹ̀lú àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ́ láti san.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń ṣì wá lọ́nà, òun ni “òfin” fúnra rẹ̀. Ní èdè Hébérù, Tórà ni àwọn Júù ń pè é, ìtumọ̀ Tórà sì súnmọ́ ẹ̀kọ́ àti ìtọ́sọ́nà, irú èyí tí baba fi ń tọ́ ọmọ. Ìtàn bí a ti dá ayé wà nínú rẹ̀. Ìtàn Jósẹ́fù àti àwọn arákùnrin rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orin Míríámù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn Júù ìlú Alẹkisáńdíríà túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta kí a tó bí Olúwa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí lò ni èyí tí àwọn Gíríìkì ń lò fún òfin ìlú. Látìnì gbà á bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbà á bẹ́ẹ̀, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. A kò bá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wí o. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní títẹ̀ ní 1850, odindi Bíbélì sì wà ní èdè wa ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀rọ̀ mìíràn wo ni òun ì bá sì lò? Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá gbọ́ òfin, kóòtù ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, ọlọ́pàá àti owó ìtanràn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rò pé ẹ̀sìn àwọn Júù jẹ́ ẹ̀sìn ẹlẹ́wọ̀n, tí olúkúlùkù fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìka láti ra ojú rere Ọlọ́run.

Èrò yìí pẹ́ ní Yúróòpù. Martin Luther, ní ìgbà tí ó ń bá Póòpù jà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ka ìjà tirẹ̀ sínú ìjà Pọ́ọ̀lù. Àwọn Júù inú Gálátíà wá dà bí àwọn tí ń ta ìwé ìdáríjì ní Jámánì. Ní 1963 ọmọ ilẹ̀ Súwídìnì kan, Krister Stendahl, kọ ọ́ pé ẹ̀rí ọkàn Luther ni a fi ń ka Pọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní 1977 ni E. P. Sanders tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí Pọ́ọ̀lù àti ẹ̀sìn àwọn Júù ilẹ̀ Palẹstínì. Ó lọ ka ohun tí àwọn Júù ìgbà náà kọ fúnra wọn, ohun tí ó rí sì ni pé oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà pé ó mú wọn wọ inú májẹ̀mú. Òfin ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ti wà nínú ilé fi ń gbé ilé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo ohun tí Sanders sọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí àwọn Júù gbàgbọ́ ní láti kọ́kọ́ fi ìwé wọn hàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ìwé àtijọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí rí nínú ihò àpáta létí Òkun Òkú láti 1947, ọ̀kan wà tí a tẹ̀ jáde ní kíkún ní 1994, ó sì lo gbólóhùn “iṣẹ́ òfin”, irú èyí tí Pọ́ọ̀lù lò. Kí ni ó ń sọ níbẹ̀? Ọ̀ràn ìwà mímọ́ àti ti Tẹ́ḿpìlì ni, àwọn ohun tí ó ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ kejì. Kò sọ ti ènìyàn tí ń fi iṣẹ́ rere ra ọ̀run.

Ìwé sí àwọn ará Róòmù ni ó ṣe kedere jùlọ lórí gbogbo èyí, bí a bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà. Ní nǹkan bí ọdún 49, Késárì Kíláúdíù lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù. Àkúílà àti Pírísílà wà lára wọn, bí Ìṣe orí 18 ti wí. Kíláúdíù kú ní 54, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ẹ fi ojú inú wo baálé ilé kan tí a lé kúrò ní ìlú fún ọdún márùn-ún, tí ó fi ilé sílẹ̀ fún àwọn àlejò tí ó gbà sílé. Nígbà tí ó padà dé, ó bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ti yí àga padà, wọ́n sì ń bi í pé ta ni ó ń wá. Irú ìjọ tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ní nǹkan bí 57 nìyí. Ó wà ní Kọ́ríńtì nígbà náà. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Fébè, obìnrin ìjọ Kéńkíríà tí ó yìn fún wọn ní orí 16, ni ó gbé lẹ́tà náà lọ.

Ní orí 11 ó pa òwe igi ólífì fún wọn. A ti ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka kan, a sì ti lọ́ ẹ̀ka igi ìgbẹ́ sí ara igi náà. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn mọ ohun tí lílọ́ igi jẹ́: ẹ̀ka igi dáradára ni a ń mú lọ́ mọ́ kùkùté igi líle. Pọ́ọ̀lù yí i padà, ó sì mọ̀ pé òun yí i padà, nítorí ó sọ pé èyí lòdì sí ìṣe igi. Àwọn ẹ̀ka ìgbẹ́ náà ni àwa. Kì í ṣe Róòmù nìkan, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Èkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. (Àwọn kan láàárín wa tilẹ̀ ń wá ìran Yorùbá lọ sí àárín ẹ̀yà mẹ́wàá Ísírẹ́lì tí ó sọnù, kí a lè bọ́ nínú jíjẹ́ ẹ̀ka ìgbẹ́. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.) Ìkìlọ̀ tí Pọ́ọ̀lù ṣe fún ẹ̀ka ìgbẹ́ ni pé kí ó má ṣe fọ́nnu sí àwọn ẹ̀ka tòótọ́, nítorí gbòǹgbò ni ó gbé e ró, òun kò gbé gbòǹgbò ró. Ó sì sọ ní gbangba pé ẹ̀bùn àti ìpè Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì kò ní àbámọ̀. Níbo ni “Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀” wá ti jáde? Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà, tí ó sì dá a lóhùn pé kí a má rí i.

Ìhìnrere ti Jòhánù ṣòro ju èyí lọ, àwa kò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni. Nínú Mátíù, Máàkù àti Lúùkù, orúkọ náà “àwọn Júù” kò tó ìgbà mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; nínú Jòhánù, ó lé ní ọgọ́ta, nígbà púpọ̀ ni ó sì jẹ́ orúkọ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ kà á jẹ́jẹ́. Ní orí 7, ó ní àwọn ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀ Jésù ní gbangba nítorí ìbẹ̀rù àwọn Júù. Àwọn ènìyàn wo? Àwọn tí ó wá sí àjọ̀dún ní Jerúsálẹ́mù, tí àwọn náà jẹ́ Júù. Ní orí 9, àwọn òbí ọkùnrin afọ́jú ń bẹ̀rù àwọn Júù. Júù ni tọkọtaya náà. Ní orí 4 ẹ̀wẹ̀, Jésù fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún obìnrin ará Samáríà pé ọ̀dọ̀ àwọn Júù ni ìgbàlà ti wá. Ó hàn gbangba pé ní ibi púpọ̀, àwọn olórí tí ó wà ní Jùdíà ni òǹkọ̀wé ń pè bẹ́ẹ̀.

A kò ṣàìmọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, Abẹ́òkúta dìde sí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó. A ba ilé ìsìn jẹ́, a kó ẹrù, a sì lé àwọn òyìnbó lọ. Ìfọ́lé ni orúkọ tí ọ̀ràn náà ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Glover tí ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó sá náà bá jókòó tí ó ní, “Àwọn Ẹ̀gbá fọ́ ilé Ọlọ́run wa,” kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rò pé òun kì í ṣe Ẹ̀gbá, tàbí pé gbogbo Ẹ̀gbá ni ó gbé òkúta. Inú bíbí ọmọ ilé sí ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ gbólóhùn náà sínú ìwé, tí ìwé náà dé ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, tí àwọn tí kò mọ Ẹ̀gbá rí ń kà á ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere, tí wọ́n sì ní Ẹ̀gbá kan ní àdúgbò wọn tí ó ń ta aṣọ, kí ni wọn yóò ṣe fún un?

Àwọn olùtumọ̀ kan nísinsin yìí ń kọ “ará Jùdíà” dípò “Júù” nínú Jòhánù. Ní tiwa, a kò rò pé ó tọ́ kí a pa á rẹ́ níbi gbogbo. Bí a bá yọ Júù kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ ti korò, yóò yọ kúrò pẹ̀lú níbi tí ó ti dùn, Jésù àti Màríà yóò sì di ẹni tí kò ní ìran. Kí a kà á bí ó ti wà, kí ẹni tí ń kà á sì ṣàlàyé.

Ní ti ikú Olúwa wa, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kí ó ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì tí ó ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi. Yàtọ̀ sí Jésù, ènìyàn méjì péré ni a dárúkọ níbẹ̀: Màríà wúńdíá, àti Pọ́ńtíù Pílátù. Pílátù, tí ó jẹ́ gómìnà Róòmù ní Jùdíà láti ọdún 26 sí 36, ni ó paṣẹ. Àgbélébùú, ìjìyà tí ìjọba Róòmù ń fi jẹ ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni. Káyáfà olórí àlùfáà wà lórí oyè nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọba Róòmù ni ó ń fi olórí àlùfáà jẹ tí ó sì ń rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti ń ṣe sí àwọn ọba wa kò ní béèrè àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn èrò tí ó kígbe ní Mátíù orí 27 kò lè ju iye tí iwájú ilé gómìnà gbà lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Júù ìgbà náà wà ní Bábílónì, ní Íjíbítì, ní Róòmù, wọn kò sì tí ì gbọ́ orúkọ Jésù rí.

Àwọn Farisí náà? Lúùkù orí 13 sọ pé àwọn Farisí ni ó wá kìlọ̀ fún Jésù pé Hẹ́rọ́dù fẹ́ pa á. Gàmálíẹ́lì tí ó gba àwọn àpọ́sítélì sílẹ̀ ní Ìṣe orí 5, Farisí ni. Pọ́ọ̀lù dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní orí 23, ó ní Farisí ni òun. Kò ní òun ti jẹ́ ẹ rí. Ọ̀rọ̀ líle tí ó wà ní Mátíù orí 23, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé a kọ ọ́ lẹ́yìn tí Títù ọmọ Késárì ti sun Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù àti àwọn ajogún Farisí ń dù ú láàárín ara wọn, ta ni yóò kọ́ Ísírẹ́lì. Ìjà ọmọ ìyá ni, a sì mọ bí ìjà ọmọ ìyá ti ń rí.

Láìpẹ́ àwọn àlejò pọ̀ ju onílé lọ, ìjà ilé sì bọ́ sí ọwọ́ ará ìta. Marcion, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan láti Sínópè létí Òkun Dúdú, wá sí Róòmù, ó sì fi 200,000 owó sẹ́sítáàsì ta ìjọ lọ́rẹ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run àwọn Júù kì í ṣe Baba Jésù. Ó sọ Májẹ̀mú Láéláé nù pátápátá, ó sì gé Lúùkù àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá bí ó ti wù ú. Ní 144 ìjọ lé e jáde, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà fún un. (Ẹ jọ̀wọ́, ìjọ wo ní òde òní?) Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti pa ìwé àwọn Júù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé àwọn Júù sẹ́yìn. Ní Áńtíókù, ní 386 àti 387, Jòhánù Kírísọ́sítómù wàásù burúkú sí wọn, nítorí pé àwọn Kristẹni ìjọ rẹ̀ ń lọ bá wọn ṣe àjọ̀dún ní sínágọ́gù. Ní 1096 àwọn ajagun-ẹ̀sìn pa wọ́n ní àwọn ìlú etí odò Ráìnì. Gẹ̀ẹ́sì lé wọn jáde ní 1290, Sípéènì ní 1492. Ní 1543 Luther kọ ìwé tí ó ní kí a sun sínágọ́gù wọn.

Ní 1939, ní ìlú Eisenach ní Jámánì, lábẹ́ òkè tí ilé olódi Wartburg wà, níbi tí Luther ti túmọ̀ Májẹ̀mú Titun, àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan dá ilé ìwádìí sílẹ̀ láti yọ ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ Júù kúrò nínú ẹ̀sìn Kristẹni. Walter Grundmann ni olórí iṣẹ́ wọn. Ní 1940 wọ́n tẹ Májẹ̀mú Titun jáde tí a ti fọ̀, tí a ti gé. Iṣẹ́ Marcion ni wọ́n ṣe tán, lẹ́yìn nǹkan bí 1,800 ọdún. Láàárín àwọn ọdún náà ni ìjọba Hitler pa àwọn Júù bí mílíọ̀nù mẹ́fà. Nígbà tí a sì gbé Julius Streicher, oníwèé ìròyìn ìkórìíra, lọ síwájú àwọn adájọ́ ní Nuremberg ní 1946, ó ní bí a bá fẹ́ dá òun lẹ́jọ́, ó yẹ kí Luther náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ sí tún ìwé wọn kà. Ní 1959 Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún yọ ọ̀rọ̀ àbùkù tí ó wà nínú àdúrà ọjọ́ Ẹtì Rere fún àwọn Júù kúrò. Ní 1994 ìjọ Lútérù tí ó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ Luther sí àwọn Júù sílẹ̀ ní gbangba. Láàárín àkókò méjèèjì, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ìgbìmọ̀ Vatican kéjì kéde pé a kò lè ka ikú Jésù sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè kà á sí Júù ìgbà tiwa lọ́rùn. Bíṣọ́ọ̀bù 2,221 ni ó gbà, 88 kò gbà. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lé, wọn kò lọ jìnnà. Orí 11 lẹ́tà tí Fébè gbé lọ sí Róòmù ni wọ́n ṣí.